Èkúté Méjì ní Ajamimogha

Èkúté méjì ni mo ń bá gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ní Ajamimogha, nílùú Warri. Ọ̀kan jẹ́ onírun, èkejì jẹ́ oníwáyà. Onírun ń sá pamọ́ sẹ́yìn àpò gààrí. Oníwáyà ń jókòó lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, iná pupa ń tàn lábẹ́ ikùn rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, gààrí àti èèpo búrẹ́dì nìkan ni onírun ń gbà lọ́wọ́ mi. Oníwáyà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín èmi àti alága ẹgbẹ́ alájọ. Òun ló jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé mo jẹ owó ilé. Òun náà ló jẹ́ kí wọ́n gbé òògùn eku wá bá mi lọ́sàn-án gangan.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá pe ẹjọ́ náà, èmi ni màá jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ènìyàn tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ alájọ kan, oníṣòwò ni gbogbo wọn, ló gbà mí pé kí n máa bójú tó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti iye tí kálukú ń dá lóṣooṣù. Ọ̀gá tó ń ṣe é kó tó kàn mí ti to gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, orúkọ kan lórí ìlà kan, lórí server, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n háyà sí òkè òkun. Ọ̀gá yìí kì í fọwọ́ kan máòsì, èkúté oníwáyà yẹn. Ojú dúdú kan báyìí ló máa ń ṣí, èyí tí wọ́n ń pè ní terminal, kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnì, àfi lẹ́tà ṣáá. Á tẹ vi, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé níbẹ̀, á tẹ orúkọ fáìlì, ìwé á ṣí, ìka rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá kíbọ́ọ̀dù bí adìyẹ ṣe ń ṣá àgbàdo. Lọ́jọ́ tó ń fa iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, gbólóhùn mẹ́ta péré ló sọ: "Bó bá rú ọ lójú, tẹ Esc. Bó bá bàjẹ́, tẹ u. Máòsì yẹn, gbé e sílẹ̀."

Mo gba méjì àkọ́kọ́.

Orúkọ àwọn ará Warri ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Ẹ mú ìwé orúkọ èyíkéyìí níbí, ẹ ó rí i pé O ló pọ̀ jù níwájú: àwọn Itsekiri ń fi Oritse bẹ̀rẹ̀, àwọn Urhobo ń fi Oghene bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ní kí n fi kún fáìlì, ọ̀kan lẹ́yìn ìlà 9, ọ̀kan lẹ́yìn ìlà 15, ọ̀kan lẹ́yìn ìlà 20. Mo gbé máòsì lé ìlà 9, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tó! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ onítọ̀hún, Oritse báyìí-báyìí. Ọ̀rọ̀ ń yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí mo tẹ̀. Òkè téńté ló ti ń yọ, O iwájú rẹ̀ sì ti sọnù. Ó rú mi lójú, mo tẹ Esc bí ọ̀gá ṣe wí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlà 15, mo tẹ máòsì, mo kọ ti Oghene. Ghene ló jáde, ó jókòó sórí Ritse. Esc. Ẹnì kẹta náà tún fò lọ bá wọn lókè. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, alága ẹgbẹ́, tó ti wà ní ìlà kìn-ín-ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ti bọ́ sí ipò kẹrin. Ṣé èmi náà gbọ́n? Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀, mo ní kó bá mi wò ó. Kò pẹ́ tó fi pè. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: ta ni Ghene, ìgbà wo ni wọ́n sì dìbò fún un?

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí mo ṣe rò. Nínú vi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò tíì lè kọ̀wé. Gbogbo lẹ́tà tó bá tẹ̀, àṣẹ ni. O ńlá túmọ̀ sí pé: "Ṣí ìlà tuntun sókè ibi tí mo wà, kí n máa kọ̀wé sí i." Ibi tí mo wà gan-an sì ni orí alága, nítorí vi kò rí máòsì mi, kò gbọ́ ọ. Gbogbo títẹ̀ tí mò ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí onílé ti rin ìrìn àjò ni.

Èmi kò mọ̀. Mo rò pé máòsì ló kú. Mo wọ bàtà, mo jáde lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ta ẹrù kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọ̀nà Ajamimogha. Ó fi máòsì náà sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, atọ́ka ń sáré kiri bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu aago ìsinmi fún. "Bros, this one dey kampe," ló wí. Mo ní kó ṣáà ta òmíràn fún mi. Bí mo ṣe di alájọgbé máòsì méjì nìyẹn, vi kò sì rí ìkankan nínú wọn.

Bó ṣe máa rí wọn gan-an ni ìṣòro. Bill Joy ló kọ vi lọ́dún 1976, nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì California, ní Berkeley. Máòsì ti wà láyé nígbà náà: ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni Douglas Engelbart ti fi í han èrò rẹpẹtẹ ní San Francisco, igi ni wọ́n tilẹ̀ fi ṣe ara ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà nílé Joy, ADM-3A ni wọ́n ń pè é, ojú àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ní. Okùn tẹlifóònù ló fi ń bá kọ̀ǹpútà ńlá sọ̀rọ̀, okùn náà kì í sì í gbé ju nǹkan bí 30 lẹ́tà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ní irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ kò ní fi lẹ́tà ṣòfò. Bó bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo, yóò fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tí ó tó iṣẹ́. Èmi tí mo ti gbìyànjú àtifi fáìlì ránṣẹ́ láti Ajamimogha lálẹ́ ọjọ́ òjò, mi ò ní bá a jiyàn.

Lọ́dún 1991 ni Bram Moolenaar, ọmọ Netherlands, gbé Vim jáde, àbúrò vi tó gbọ́n jù ú lọ, òun ni a sì ń bá pàdé lónìí bí a bá tẹ vi lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ server. Vim gbọ́ èdè máòsì, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀, àfi kí ènìyàn sọ fún un pé kó máa gbọ́ ọ. Ìgbà kìn-ín-ní tí mo ṣí i láìpe fáìlì kankan, ọ̀rọ̀ kan ló kọ sójú: kí n ran àwọn ọmọ aláìní lọ́wọ́ ní Uganda. Mo sáré tì í. Mo ní àwọn ọmọ Yahoo ti dé inú server. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé Moolenaar, tó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, kò ta Vim fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bẹ àwọn tó ń lò ó ni pé kí wọ́n fi owó ṣàánú àwọn ọmọ ọ̀hún. Ẹni tí mo pè ní oníjìbìtì, aláàánú ni.

Kí n tó dórí ìtìjú gidi, ẹ jẹ́ kí n fi Mama hàn yín. Ọmọ Itsekiri ni Ìyá onílé mi. Ó ti ṣòwò l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbọ́ Yorùbá ketekete, ó sì lè kà á. Ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ sí mi. Ó ní ọmọ ìyá ni èdè wa méjèèjì, kí kálukú máa sọ tirẹ̀. Kò parọ́. Ohun tí àwa ń pè ní ọmọ, ọma ni lẹ́nu wọn. Òrìṣà tiwa, Oritse tiwọn. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ṣìnà: bí Mama bá sọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ni mò ń gbọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì ń dáhùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń bá mi sọ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tí mò ń dọ̀bálẹ̀, tí mò ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ ṣé o, Mama. Ẹ kú àárọ̀ o, Mama." Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀. "Bros," ó ní, "Mama no dey greet you. Na rent she dey ask."

Ojú tì mí. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ láìfi àmì sí i, bí a ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù: Mama e jowo e ma binu, owo ile yoo wole ni ojo Eti. Mo kọ́pì í kí n lè fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí n tó lẹ̀ ẹ́, alága pè. Ìpàdé ti di ọ̀la, ó fẹ́ kí n tẹ ìwé orúkọ jáde fún akọ̀wé kíákíá. Mo pa ti Mama tì, mo sáré wọ server.

Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi nígbà yẹn, PuTTY ni mo sì fi ń wọlé. Fáìlì ṣí. Mo fẹ́ wo bóyá mo lè rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Windows máa ń ṣe bí nǹkan bá pin wọ́n lẹ́mìí: mo tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lára máòsì, kí ó kó àṣẹ wá kí n mú nínú rẹ̀. PuTTY kì í kó nǹkan kan wá. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti ilé, bí o bá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, ohunkóhun tí o bá kọ́pì kẹ́yìn ni yóò dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà, kò ní bi ọ́ pé ṣé kí òun dà á.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ sí Mama dà wọ inú Vim. Vim ọjọ́ un, ẹ̀dà àtijọ́ ni, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dà sí òun lára. Ó rò pé èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba M ńlá: àṣẹ ni, kí atọ́ka bọ́ sí ìlà tó wà láàárín ojú. Ìlà 12 nìyẹn. Ó gba a kékeré: àṣẹ náà ni, kí ìwé kíkọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà tí atọ́ka dúró lé. Ìyókù di ìwé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní ìlà 12, O ni orúkọ tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀, bí ti gbogbo ìlú. Ẹ̀yìn O yẹn ni ẹ̀bẹ̀ mi wọlé sí, ó sì di: Oma e jowo e ma binu, owo ile yoo wole ni ojo Eti, kí orúkọ ọkùnrin náà tó máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo rí i pé nǹkan kan mì lójú kọ̀ǹpútà. Mi ò wò ó dáadáa. Mo tẹ Esc, ọkàn mi balẹ̀, mo pa á mọ́, mo jáde, mo tẹ ìwé náà sórí bébà, mo gbé e fún akọ̀wé.

Lọ́jọ́ kejì, èrò pé. Akọ̀wé dìde, ọmọ Itsekiri tó ń ta aṣọ, ó wọ awò ojú, ó ń pe orúkọ lọ ní mẹ́lọ̀ọ́-mẹ́lọ̀ọ́. Ìkìn-ín-ní jẹ́, ìkejì jẹ́. Ó dé orí kejìlá. "Oma," ó pè é, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí orúkọ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Oma pọ̀ láàárín wọn. Kò fura. Ó ń bá a lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń ka oyè: "Oma Ejowo. Emabinu. Owoile..." Ó dúró. Ó gbé awò sókè. Ìyá kan tó ń ta ata, ọmọ Oǹdó, ti di ikùn mú, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún òun, ó túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín gbéra láti ìjókòó dé ìjókòó bí iná ọyẹ́. Àwọn kan ń bèèrè pé ọjọ́ Ẹtì wo.

Akọ̀wé kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ṣáà fẹ́ fi àmì sí i bóyá ẹni náà wà níbẹ̀ tàbí kò wá. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì: ta ni ẹni yìí, ṣé ó wà? Ìjókòó iwájú ni Mama wà, ọmọ ẹgbẹ́ ni òun náà. Ó rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"E dey," ni Mama wí. "Na my tenant."

Oní-nọ́ńbà 12 dìde, ó fi ìbínú sọ pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó ilé, ilé baba òun ni òun ń gbé. Ó gbà tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó pẹ̀tù sí i nínú. Èmi ti sáré délé kí wọ́n tó parí. Mo ṣí fáìlì, mo tẹ u, bí ọ̀gá ṣe ní kí n máa ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́. Vim dá mi lóhùn pé ibi tí ìrántí òun mọ nìyẹn. Mo ti pa ìwé mọ́, mo ti jáde, àná ti lọ bá àná. Ọwọ́ ni mo fi yọ ẹ̀bẹ̀ mi kúrò lára orúkọ ọlọ́rúkọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọmọ-ọmọ Mama ló ṣàánú mi. Ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ó gbá Windows dànù, ó fi Ubuntu sí i, ó sì kọ ìlà kan péré sínú ìwé tí Vim máa ń kà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: set mouse=a. Mo fún un ní ọ̀kan nínú máòsì méjèèjì, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ayé yẹ mí. Mo tẹ ìlà 40, atọ́ka fò síbẹ̀ pẹ̀kẹ́. Mo yí ẹsẹ̀ kékeré tó wà láàárín máòsì, orúkọ ń gòkè, orúkọ ń sọ̀. Mo fà á kọjá lórí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń tàn. Mo tilẹ̀ pe ọ̀gá àtijọ́ lórí fóònù, mo ní kó má fi kíbọ́ọ̀dù pa ara rẹ̀, ayé ti lajú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ń gbọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, alága ní kí n fi orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó ránṣẹ́ sí òun, kí n jẹ́ kó jẹ́ ti àwa méjì. Mo fa máòsì kọjá lórí wọn, márùn-ún ni wọ́n, wọ́n tàn yòò. Mo bọ́ sí WhatsApp, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi í ránṣẹ́ láìwò. Ohun tí alága gbà nìyí: Mama, ojo Eti ti a so ko bo si i mo, e fori ji mi di ojo Aje. Èsì rẹ̀ kò pẹ́: "I no be your mama. But pay the woman."

Mo wo máòsì náà títí. Òkété, báyìí ni ìwà rẹ.

Ṣùgbọ́n kò dà mí. Nígbà tí Vim kò gbọ́ èdè máòsì, terminal ló ń gbọ́ ọ. Bí mo bá fa máòsì lórí ọ̀rọ̀, terminal ló ń mú un, mo lè gbé e lọ síbi tó wù mí. Ìgbà tí mo ní kí Vim máa gbọ́, terminal gbé gbogbo rẹ̀ fún Vim. Ọ̀rọ̀ tó ń tàn yẹn, inú ilé Vim nìkan ló ti tàn. Kò jáde síta, nítorí náà ẹ̀bẹ̀ tuntun tí mo kọ́pì láàárọ̀ ló ṣì wà ní ìkáwọ́ mi. Ọmọ-ọmọ Mama ní Shift ni kí n dì mú bí mo bá ń fa máòsì. Ìgbà yẹn terminal á mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí, kì í ṣe Vim. Ilé ayálégbé ni nǹkan yìí, tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn. Bí o bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí o ń pariwo "Ẹ gbé omi wá," tí o kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tí o kò bá sọ̀rọ̀ ni yóò dà á lé ọ lórí.

Mo rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ kan, kí gbogbo ènìyàn lè rí owó tí kálukú dá, láti January dé December, lórí ìlà gígùn kan. Mo fún lẹ́tà ní ìwọ̀n kékeré kí gbogbo rẹ̀ lè gbà. Mo ń tẹ máòsì, mo ń ṣàlàyé bí olùkọ́ àgbà. January dáhùn, June dáhùn, September dáhùn. Mo dé November, mo tẹ̀ ẹ́, atọ́ka kò mira. Mo tẹ December, kẹ́kẹ́ pa. Mo gbá máòsì mọ́ tábìlì. Ariwo ti sọ láàárín èrò pé ẹnikẹ́ni kò sanwó láti November, akápò ti ń laágùn.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà àtijọ́ ni terminal fi ń sọ fún Vim ibi tí máòsì wà. Ó máa ń fi 32 kún nọ́ńbà òpó tí máòsì wà, ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ sínú báìtì kan. Báìtì kan kò lè gbé ju 255 lọ. Ẹ yọ 32 kúrò, 223 ló kù. Òpó tó bá ti kọjá 223, ẹ̀yìn odi ni, máòsì kò ní ẹnu tó lè fi pè é. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo háyà ojú kọ̀ǹpútà tó tóbi ju ohun tí máòsì lè sọ lọ. Ọmọ-ọmọ Mama tún kọ ìlà kan sí i, set ttymouse=sgr, ọ̀nà tuntun tó ń fi nọ́ńbà gbalasa sọ̀rọ̀, November sì ṣí. Wọ́n ti sanwó.

Nọ́ńbà gbalasa yẹn ló wá dẹ́rù bà mí kẹ́yìn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà nínú fáìlì, iná lọ. Bátìrì gbé kọ̀ǹpútà dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kú, okùn tó so mí mọ́ server já. Ojú dúdú dá mi padà sílé. Mo tẹ máòsì kí n lè mọ ibi tí mo wà. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ pé: 0;52;18M0;52;18m. Mo ṣíwọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kọ òmíràn. Mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀, 64 àti 65 ń rọ́ jáde bí òjò. Mo fò kúrò lórí àga, mo figbe ta: "Máòsì ti ya wèrè o! Máòsì!"

Gbogbo ilé gbọ́ máòsì. Mama ló kọ́kọ́ dé, ìgò òtàpíàpíà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ojú kọ̀ǹpútà hàn án, mo ní kì í ṣe ti onírun. Ó wo nọ́ńbà tó ń rọ́, ó wo oníwáyà, ó wo ẹ̀yìn àpò gààrí. Ó sọ nǹkan kan ní Itsekiri, ó gbé ìgò náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀: èyí tó bá kọ́kọ́ kú nínú àwọn méjèèjì, kí n wá sọ fún òun. Mo ti ìgò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní eku tí ń dà mí láàmú kì í mu òògùn.

Ọmọ náà tẹ reset, ó tẹ Enter. Nọ́ńbà dákẹ́. Nígbà tí Vim ń ṣí, ó ní, ó ti sọ fún terminal pé kó máa ròyìn gbogbo ohun tí máòsì bá ṣe: bọ́tìnì wo, òpó kelòó, ìlà kelòó. 0 ni bọ́tìnì òsì, 52 ni òpó, 18 ni ìlà. M ńlá, a tẹ̀ ẹ́. M kékeré, a jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí Vim bá ń lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sọ fún terminal pé ó tó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà, okùn já, Vim kò rí àyè dágbére. Terminal kò gbọ́ pé ọ̀gá kò sí mọ́, ó ń jíṣẹ́ lọ fún ẹni tí kò sí nílé, ẹni tó sì wà nílé kò mọ ohun tó ń wí.

Mo bá terminal kẹ́dùn. Èmi náà ti fi ọjọ́ mẹ́ta kí ẹni tó ń bèèrè owó.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti oníwáyà wá ń gbé ní ìrẹ́pọ̀. Bí mo bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ jáde, mo di Shift mú. Bí okùn bá já, mo tẹ reset. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jí, tí mo nawọ́ sí máòsì, tí iná pupa rẹ̀ kò tàn. Mo tọ wáyà rẹ̀ lọ láti orí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́bàá àpò gààrí, ó ti gé sí méjì, ojú ibi tó gé ti rí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èérún rọ́bà dúdú sì wà nílẹ̀. Onírun ti gé ìrù oníwáyà. Ìgò òtàpíàpíà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò tíì ṣí i.

Èkejì rẹ̀ ti bá ọmọ-ọmọ Mama lọ sílé ìwé. Ojú ibi tí à ń fi ìka rá lára kọ̀ǹpútà náà ti kú láti ọjọ́ tí mo da omi gààrí sí i. Orúkọ kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe kó tó di ọ̀sán. Ni mo bá fi ọwọ́ méjèèjì lé kíbọ́ọ̀dù, bí ọ̀gá. h lọ sí òsì, j sọ̀ kalẹ̀, k gòkè, l lọ sí ọ̀tún: orí lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni wọ́n ya ọfà sí lára ADM-3A tó wà nílé Bill Joy, ibẹ̀ ni vi ti mú un. Mo tẹ 12G, atọ́ka balẹ̀ sórí ìlà 12 tààrà, kò yà síbì kankan. Mo tún orúkọ náà ṣe, mo jáde, kò sí ẹni tó bọ́ sípò ẹlòmíràn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mi ò ní pe ọ̀gá láti sọ fún un.

Mo gbé wáyà tó gé náà lọ bá Mama lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ́wọ́ pé eku ti jẹ máòsì, pé Mama ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ó sọ nǹkan kan ní Itsekiri, jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Mo ti tẹ̀ síwájú láti dọ̀bálẹ̀ kí n dúpẹ́, mo bá rántí. Mo nàró.

"Mama," mo ní, "ẹ má bínú. Kí lẹ wí?"

Ó wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń gbé ilé rẹ̀, ó là á sí mi ní Yorùbá, ó já gaara bí ti ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

"Mo ní, owó ilé dà?"